Ọmọ Ahun Tó Kọ Koríko: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ẹnu Rẹ̀ Mọ́ Onírúurú Ewé

Ẹ fi létúúsì síwájú rẹ̀, á sáré wá. Ẹ fi koríko síwájú rẹ̀, á fi imú kàn án, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì wọ́ lọ sí igun rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó ń sìn ín á fi máa sọ fún aráyé pé, "Ahun tèmi kì í jẹ koríko o." Ahun tó ń jẹ koríko mà ni. Létúúsì àti kùkúḿbà ni wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́ ọ nígbà tí wọ́n rà á wálé, ohun tí ẹnu rẹ̀ sì mọ́ nìyẹn. Ẹnu tó mọ́ nǹkan kan ṣeé yí padà, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ kan, ebi sì kọ́ ni a fi ń yí i.

Sulcata ni ahun tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ahun ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láti Senegal títí dé Ethiopia, tó sì wà ní òkè Ọya lọ́dọ̀ tiwa náà. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ni gígùn rẹ̀. Bí akọ rẹ̀ bá dàgbà tán, ó lè wúwo ju kílò 50 lọ. Ó sì ń pẹ́ láyé. Alàgbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó kú ní ọdún 2019, ààfin ní ọdún 344 ló lò. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ò gba iye yẹn gbọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé ahun lè pẹ́ ju ẹni tó ń sìn ín lọ. Kò yẹ ká fi ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣeré.

1. Ẹ mọ irú ahun tí ẹ ní

Sulcata máa ń ní àwọ̀ iyanrìn, itan rẹ̀ ẹ̀yìn sì máa ń ní ṣóńṣó líle bíi mélòó kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé láti oko ní Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó ni wọ́n ti bá yín mú ahun wá, tí apá ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ sì ní oríkèé tó fi ń pa ìdí rẹ̀ dé, Kinixys nìyẹn, ahun inú igbó wa. Olú, èso tó já bọ́ sílẹ̀, ekòló, ìgbín kéékèèké àti kòkòrò wà lára ohun tí òun ń jẹ, abẹ́ ìbòòji àti ilẹ̀ tó tutù ló sì fẹ́. Ẹ má fi ìtọ́sọ́nà yìí bọ́ ọ. Ká sòótọ́, igbó ló yẹ kí ẹ dá a padà sí, nítorí ó ti ń dínkù gan-an níbẹ̀.

2. Kí ẹ tó dá ẹnu rẹ̀ lẹ́bi, ẹ yẹ ooru, omi àti oòrùn wò

Ooru ìta ni ahun fi ń ṣiṣẹ́ inú ara rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ ò ní dà nínú rẹ̀, kò sì ní wù ú jẹ. Mo gbà pé ìdajì àwọn ahun tí wọ́n ń pè ní aláṣàyàn oúnjẹ, òtútù ló ń ṣe wọ́n, pàápàá nígbà ọyẹ́, tàbí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹ wá ibì kan fún un tí ooru rẹ̀ tó 35 sí 38 lórí ìwọ̀n Celsius, níbi tí á ti máa yáná láàárọ̀. Fún ọmọ kékeré, ibi yòókù nínú ilé rẹ̀ ò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 26, ì báà jẹ́ lóru. Ẹ ra tẹmọ́mítà. Ọwọ́ èèyàn ò mọ ìwọ̀n.

Lẹ́yìn náà, omi. Láràárọ̀, kí ẹ tó fún un lóúnjẹ, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ tí kò jìn, kó má kọjá àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Á mu níbẹ̀, á tọ̀, á yàgbẹ́. Ẹ máa wo ohun funfun tó ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde: tó bá rọ̀, ó dáa, tó bá le, tó ń ha ọwọ́, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Omi ò fi bẹ́ẹ̀ sí ní aṣálẹ̀, àwọn kan sì ń tìtorí èyí sọ pé sulcata ò nílò wíwẹ̀. Inú ihò tí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rinrin ni ọmọ sulcata ti ń sá pamọ́ fún oòrùn ní aṣálẹ̀ yẹn. Gbígbẹ ara wà lára ohun tó ń mú kí ìkarahun ọmọ ahun yọ gọnbu-gọnbu dípò kó dán.

Oòrùn tó gba gíláàsì fèrèsé wọlé ò wúlò fún un, torí gíláàsì máa ń dí UVB, ìtànṣán inú oòrùn tó fi ń ṣe fítámì D3, èyí tó ń jẹ́ kí ara rẹ̀ lè lo kálísíọ̀mù tó ń mú egungun àti ìkarahun le. Ẹ gbé e síta lábẹ́ oòrùn gan-an, níbi tí ìbòòji wà nítòsí tó lè sá sí. Ẹ má ṣe gbé e sínú ike tàbí àpótí gíláàsì kẹ́ ẹ wá gbé ìyẹn sínú oòrùn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru á pa á. Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ òtútù, iná UVB ni ẹ máa rà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àsìkò tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, torí ìtànṣán yẹn máa ń tán nínú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tán.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá ti wà ní ipò wọn fún ọ̀sẹ̀ kan tí ó sì ń kọ oúnjẹ síbẹ̀, ìgbà yẹn la lè wá máa sọ̀rọ̀ nípa ẹnu rẹ̀.

3. Ẹ ṣa ewé jọ

Fún sulcata, koríko ni ìpìlẹ̀. Bó bá dàgbà, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ koríko. Ọmọ kékeré ò lágbára ẹnu láti já koríko líle, nítorí náà ewé rírọ̀ ló máa pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa fi koríko tútù kún un díẹ̀díẹ̀ títí koríko á fi borí. Gbẹ̀gi, eéran, koríko tí ẹ gbìn síwájú ilé, gbogbo wọn ló dáa. Orí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni kí ẹ gé, kì í ṣe ìdí rẹ̀ tó ti gbó.

Nínú ewé, yánrin ni mo fi ṣe olórí. Ìbátan ni òun àti dandelion tí àwọn tó ń sin ahun nílẹ̀ òyìnbó máa ń yìn, àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó tún máa ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ fi ewé ọ̀dùnkún kún un, ewé ilá, ewé ẹ̀lẹ́gẹ́dẹ́, ewédú díẹ̀. Ewé àti òdòdó hibiscus tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yíká ilé jẹ́ oúnjẹ gidi fún un, a ó sì padà sórí òdòdó yẹn láìpẹ́. Bí ẹ bá ní kákítọ́ọ̀sì ẹlẹ́wé pẹlẹbẹ, ẹ fi iná ra ẹ̀gún rẹ̀ dànù, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Omi àti kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ tí a fi ń se ọbẹ̀ kì í fìgbà gbogbo bá ahun lára mu. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti amúnútutù ní oxalate, èyí tó máa ń di kálísíọ̀mù mú kí ara má lè lò ó. Ìṣápá náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Wọn kì í ṣe májèlé. Díẹ̀ nínú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láàárín ewé mìíràn ò ní pa á lára, àmọ́ ẹ má sọ wọ́n di oúnjẹ ojoojúmọ́. Létúúsì ò ní ibi kankan tó ń ṣe. Omi ló kúnnú rẹ̀, kò fún ahun ní nǹkan púpọ̀.

Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ gé fún un rárá ni ewé ẹ̀gẹ́, ewé làrà, lápálápá, ewé Akíntọ́lá, ewé tòmátò àti ewé píà. Ẹ ṣọ́ra fún àbámọdá ní pàtàkì, nítorí ó pọ̀ láàárín ọgbà ilé, àwọn àgbà sì ń lò ó fún egbò àti ikọ́, èèyàn á rò pé ohun tó wo èèyàn sàn ò lè ṣe ẹran ní nǹkan. Ó ní ohun tó ń ba ọkàn ẹran jẹ́. Bí ẹ bá rí ewé kan tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn apakoríko ńkọ́? Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gé koríko etí títì, etí gọ́tà, tàbí ilẹ̀ tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n lè ti fọ́n oògùn síbẹ̀ láná, kí koríko náà sì tutù yọ̀yọ̀ síbẹ̀. Ibi tó fọkàn balẹ̀ jù ni èyí tí ẹ gbìn fúnra yín. Abọ́ ike ńlá méjì, tí ẹ bu ilẹ̀ kún, tí ẹ gbin eéran sínú ọ̀kan, tí ẹ ki ìtàkùn ọ̀dùnkún bọ inú èkejì, ti tó bọ́ ọmọ ahun kan.

Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Houston, iṣẹ́ yín rọrùn láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìwọ́wé: dandelion, Plantago, clover àti sow thistle wà nínú ọgbà tí wọn ò fọ́n oògùn sí. Nígbà òtútù, ẹ ra endive àti radicchio lọ́jà, ẹ gbin irúgbìn oat sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ sì fi omi rẹ oúnjẹ ahun inú àpò bíi Mazuri kó rọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Koríko gbígbẹ tí wọ́n ń tà fún ehoro, ẹ gé e bí ìyẹ̀fun kí ẹ tó rẹ ẹ́; ọmọ kékeré ò lè jẹ ẹ́ ní gígùn.

4. Ẹ fi èyí tó fẹ́ràn tan èyí tí kò fẹ́

Orí ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹ mú ohun tó ń jẹ báyìí, ká ní létúúsì ni, kí ẹ gé e kó kéré ju èékánná ọwọ́ yín lọ. Ẹ mú ewé tuntun kan, ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ gé òun náà títí kò fi ní ṣeé ṣà yọ. Ní ọjọ́ kìíní, kí tuntun náà má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ fi ọwọ́ pò ó kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Òkìtì tó tó ìkarahun rẹ̀ ti tó oúnjẹ ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn wíwẹ̀ àti ìyáná ni kí ẹ gbé e fún un, lórí àwo pẹlẹbẹ tàbí pẹpẹ òkúta. Òkúta dáa ju ike lọ nítorí ó ń bá a pọ́n ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ láìjanpata, ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tó sọ tuntun di ìdá méjì, kó tó di mẹ́ta. Ẹ má sáré. Ìgbà tí tuntun àkọ́kọ́ bá ti tó ìdajì ni kí ẹ tó mú èkejì wọlé. Ẹni tó bá kó ewé márùn-ún dà sínú àwo lẹ́ẹ̀kan náà ò ní mọ èyí tó kọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ èyí tó dà á nínú rú.

Bó bá ń ṣa létúúsì jẹ tó ń fi yòókù sílẹ̀, gígé yín ò tíì kéré tó. Ẹ fi ọ̀bẹ dá a lu, tàbí kí ẹ rin ín lórí irin ìrinlá. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ lo ojú rẹ̀: ahun máa ń rí àwọ̀, pupa àti yẹ́lò sì máa ń fà á. Ẹ já òdòdó hibiscus pupa wẹ́wẹ́ sórí òkìtì náà. Mo ti rí ahun tó kọ ewé tó wá ń lé òdòdó, ẹnu rẹ̀ sì ń gbé ewé pọ̀ mọ́ ọn. Òórùn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi omi kùkúḿbà tàbí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, èyí tó lè wà lórí ìka kan péré, ra koríko náà lára. Ìjẹ ni ìbẹ́pẹ yìí o, kì í ṣe oúnjẹ. Bí koríko bá ti mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ yọ ìbẹ́pẹ náà kúrò. Ṣúgà inú èso máa ń da ikùn sulcata rú, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì di omi.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Ọmọ ahun mìíràn ò mọ koríko tí a gé, àmọ́ bó bá rí èyí tó ń hù, á gé e jẹ fúnra rẹ̀. Ẹ ri àwo tí koríko ti hù sínú ilẹ̀ ilé rẹ̀ kí ẹnu àwo bá ilẹ̀ dọ́gba, ibi tó máa ń gbà kọjá lọ sí ibi ìyáná rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má dúró tì í. Àwọn kan kì í jẹun lójú èèyàn.

Tí ahun yín bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà oúnjẹ. Ahun kì í pariwo bó bá ń halẹ̀ mọ́ èkejì. Ó kàn máa dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, èyí tó kéré á sì sá. Lójú yín, èyí tó sá ni aláṣàyàn. Ẹ gbé òun nìkan jókòó sí ibòmíràn, kí ẹ wò ó bóyá kò ní jẹ ohun tó ní òun ò jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kó ohun tó kù dànù. Ẹ má fi létúúsì pẹ̀tù sí i lọ́kàn ní ọ̀sán nítorí pé kò jẹ ti àárọ̀, torí ahun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọ̀sán. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé kí a febi pa á fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì títí tó fi máa gbà. Àgbà ahun lè fara da á. Mi ò fọwọ́ sí i fún ọmọ. Bí ọmọ ahun tó ti wẹ̀, tó ti yáná, bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò séwu. Bó bá di ọjọ́ kẹta tí nǹkan kan ò tíì kọjá ẹnu rẹ̀, ẹ padà sí èyí tó fẹ́ràn, kí ẹ dín tuntun kù sí ìwọ̀n èyí tí kò ní fura sí, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì wà tí kò kan ahun: àwọn ará ilé. Màmá á ju búrẹ́dì sí i, àwọn ọmọ á fún un ní ìrẹsì, ẹni tó wá kí yín á ní ṣebí ohun gbogbo ni Ìjàpá ń jẹ. Ìjàpá inú àlọ́ lè bu àsáró gbígbóná sínú fìlà ní ilé àna rẹ̀. Èyí tó wà lọ́gbà yín ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Búrẹ́dì, ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹran, wàrà, oúnjẹ ajá, kò sí èyí tí inú sulcata lè lò bó ṣe yẹ. Ẹ kọ ọ́ sára ilé rẹ̀ bó bá gba bẹ́ẹ̀.

5. Kálísíọ̀mù

Kálísíọ̀mù inú oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà mìíràn tó wà nínú oúnjẹ, ó kéré tán. Ẹ wọ́n kálísíọ̀mù oníyẹ̀fun díẹ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè bù, sórí oúnjẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Èèpo ẹyin tí ẹ bọ̀, tí ẹ sá gbẹ, tí ẹ lọ̀ kúnná, á ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tó ń rí oòrùn lójoojúmọ́ ò nílò èyí tí wọ́n fi D3 sí. Ẹ má wọ́n ọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń mú ewé tuntun wọlé, kó má baà jẹ́ pé kálísíọ̀mù ló kọ̀ tí ẹ ó rò pé ewé ni.

6. Ẹ máa wọ̀n ọ́n

Òṣùwọ̀n ìdáná tó ń ka giráàmù ti tó. Ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, lẹ́yìn wíwẹ̀, kó tó jẹun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ewé tó jẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ ahun tó ń jẹ ewé gidi kì í sanra lójijì. Á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dúró sójú kan ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ẹ má fòyà. Bí ó bá ń já wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra, ẹ dá ìyípadà náà dúró.

7. Ìgbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣàyàn mọ́

Bí imú rẹ̀ bá ń yọ ìfófòó, bí ojú rẹ̀ bá wú tàbí tí kò là, bí ìkarahun rẹ̀ bá ń rọ̀ lábẹ́ ìka lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí ó bá ń la ẹnu mí, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ omi fún ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe gbogbo dókítà tó ń tọ́jú ajá àti màlúù ló ti fọwọ́ kan ahun rí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ tẹ́ aṣọ sí, kó má tutù lójú ọ̀nà. Ẹ mú ìgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà dání nínú ọ̀rá, àwòrán ilé rẹ̀ lórí fóònù yín, àti ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n àti oúnjẹ rẹ̀ sí, torí ohun àkọ́kọ́ tí dókítà á bi yín ni ohun tó ti ń jẹ.